Bọ́ọ̀dù afọwọ́tẹ̀ nínú kíláàsì tí gbogbo ọmọ wà: bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń gbé e kọ́, bí a ṣe ń fi kọ́ni

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo wọ kíláàsì náà ni ọmọkùnrin kan tó fi ìwé bojú. Àfín ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́ọ̀dù tuntun kọ́ ògiri ni, inṣi 75, ó ń tàn yanran bí oòrùn ọ̀sán, ọ̀gá ilé-ìwé sì dúró tì mí, ó ń retí kí n yìn ín. Wọ́n fi ọmọ náà síwájú pátápátá torí pé ojú rẹ̀ kì í rí òkèèrè, iwájú yẹn gan-an ni iná bọ́ọ̀dù ti ń gún un lójú. Mo tọrọ rìmóòtù. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù láti 100 sí 40, mo sọ ẹ̀yìn ojú-ìwé di dúdú, mo sọ lẹ́tà di funfun. Ọmọ náà sọ ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi n'Íbàdàn pé ohun tó bá wà lójú bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu olùkọ́, kó sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí a bá fo ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, a ti fi ọmọ kan sílẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà àtiṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Smart board ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà, SMART Technologies, ló ni orúkọ náà. 1991 ni wọ́n gbé tiwọn jáde. Èyí tó wà lọ́jà báyìí yàtọ̀: tẹlifíṣàn gbàgẹ̀rẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà Android wà nínú rẹ̀, ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn kò sì kúkú ṣàjèjì sí ojú amóhùnmáwòrán, níbí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àwọn ọmọ kí ẹ tó ka owó

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì sí i. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ga dé, àti ohun tó máa ń dà á láàmú. Orúkọ àìsàn kò wúlò fún yín níbí. “Ojú ń dùn ún” kò sọ nǹkan kan. “Ó ń ka lẹ́tà tó tóbi tó àtàǹpàkò láti ìlà kejì,” ìyẹn ló máa sọ bí ẹ ó ṣe to àga. Ẹ bi àwọn ìyá wọn. Ìyá tó ń rí bí ọmọ ṣe ń sún mọ́ tẹlifíṣàn nílé mọ iye ìṣísẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín ọmọ náà àti bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ wárápá ní tirẹ̀, ní kọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀, torí àwọn òbí kì í fẹ́ sọ ọ́ níta. Àwòrán tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lè gbé e dìde lára ọmọ mìíràn. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé kí ohunkóhun má ṣẹ́jú ju ìgbà 3 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹ wo gbogbo fídíò tán nílé kí ẹ tó gbé e wá.

Ní ti àwọn adití (mi ò fẹ́ kọ “ọmọ tí kò gbọ́ràn”, ìyẹn ti di ọmọ olóríkunkun nínú èdè wa), ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò mọ̀. Andrew Foster, aláwọ̀dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ló dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Èdè àfọwọ́sọ ti Amẹ́ríkà ló gbé wá, òun ló sì di gbòǹgbò èyí tí wọ́n ń fi kọ́ni ní ilé-ìwé wa títí dòní. Ẹ wo àǹfààní rẹ̀: bí ẹ bá ń wá fídíò èdè àfọwọ́sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá mú ti Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣe ábídí tiwọn, ti àwọn ọmọ wa jẹ́ ọwọ́ kan. Wọn ò ní mọ ohun tí ẹ ń fi hàn wọ́n.

Bí ẹ bá ń fẹ́ amòye tó máa bá yín wo ìwé orúkọ yìí, ẹ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀ka Special Education ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí kí ẹ gba Ọ̀yọ́ lọ, sí Federal College of Education (Special). Bí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé bá sì ń bèèrè ìdí tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu, ẹ rán an létí òfin ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ 2: Níwájú ẹni tó ń tà á

Ẹ má rà á lórí fóònù. Ẹ lọ fọwọ́ kàn án, ẹ mú pẹ́ńsù àti háńkáṣíìfù dání.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ. Àkọ́kọ́ ń lo infrared: ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kì í rí ń kọjá lórí gíláàsì láti etí kan dé èkejì, ohunkóhun tó bá dínà rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù ń kà sí ìka. Èkejì ni capacitive, bíi ti fóònù yín. Ara ènìyàn ló mọ̀, bí ẹ fi igi kàn án, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ fi pẹ́ńsù tẹ bọ́ọ̀dù, ẹ fi háńkáṣíìfù wé ìka tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Bó bá dáhùn méjèèjì, infrared ló ṣeé ṣe kó jẹ́.

Infrared ni mo yàn fún irú kíláàsì yìí. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò nà lè fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́, ó lè fi igi tí a wé fóòmù sí lórí tẹ̀ ẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ ìka sí apá agbádá. Mo ti rí olùkọ́ kan tó ń ká agbádá sí èjìká níwájú bọ́ọ̀dù, àárín ká-sọ́tùn-ún ká-sósì náà ló ti pa gbogbo iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Settings, kó wá Accessibility, ibi tí ètò ìrànwọ́ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara wà. TalkBack, tó ń ka ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù sókè, àti Magnification, tó ń mú un tóbi, ló yẹ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló ní Android tí Google kò fọwọ́ sí, Play Store kì í sí nínú irú wọn, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan fi kún un bó ti wù kí ẹ wá a tó. Èyí tí Google fọwọ́ sí fún ojú ńlá báyìí ni wọ́n ń pè ní EDLA. Ẹ bèèrè rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹni tó ń tà á bá ń wò yín duu, ẹ ti rí ìdáhùn.

Bí owó kò bá tó ńkọ́? Mo máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, bí àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù bá tiẹ̀ máa bínú sí mi. Tẹlifíṣàn inṣi 55 kan, tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti router kékeré kan (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) dára fún kíláàsì ọmọ ogún ju bọ́ọ̀dù ńlá kan ṣoṣo tí kò ní tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Ojú ńlá jẹ́ ti gbogbo wa. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ, òun ló lè gbé sún mọ́ imú, kó mú un tóbi bó ṣe fẹ́, kó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Router náà kò nílò dátà bó bá jẹ́ pé kí bọ́ọ̀dù àti tábúlẹ́ẹ̀tì kàn máa bára wọn sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí áàpù tí ẹ fi ń pín àwòrán jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí ẹ ó gbé e kọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, torí káfíńtà àti oníná ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún. Oníná máa wá ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, káfíńtà máa gbé e ga kí ọwọ́ ọmọ má bàa ba a jẹ́. Àwọn méjèèjì rò ó dáadáa, ti ọmọ ni wọn ò rò.

Ẹ wọ kíláàsì ní aago mẹ́jọ, ní aago mọ́kànlá àti ní aago kan ọ̀sán, ẹ gbé dígí ojú tàbí àwo tó ń dán mọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ń rò, kí ẹ lọ jókòó sí àga àwọn ọmọ. Bí ẹ bá rí fèrèsé nínú dígí náà, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀dù máa ti ṣú lójú wọn. Ẹ yí ògiri padà, tàbí kí ẹ lọ ra aṣọ kọ́tìnì tó nípọn ní Gbági. Oòrùn tó bá ta sára etí bọ́ọ̀dù infrared lè mú kó máa tẹ ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ á ní iwin ni.

Gíga ló kàn. Ojú bọ́ọ̀dù inṣi 75 fẹ̀ tó 165 sẹ̀ǹtímítà, ó ga tó 93. Bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní 70 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, orí rẹ̀ á dé 163. Àgbàlagbà tó jókòó nínú àga onítáyà kì í sábà na ọwọ́ kọjá 120. Ọmọ kò lè nà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e kọ́ dáadáa, ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan ni ọmọ náà ní. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń lẹ sẹ́lótéèpù aláwọ̀ kan mọ́ etí bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọ tó kúrú jù dé, kò sì sí bọ́tìnì tàbí ìdáhùn kankan tí mo ń gbé kọjá rẹ̀. Òkè sẹ́lótéèpù jẹ́ ti àwòrán àti àkọlé. Bí ẹ bá ní owó ìdúró oní-mọ́tò tó ń lọ sókè sódò, ó dára. Bí ẹ kò bá ní, pákó ọjà Bódìjà àti káfíńtà tó ń gbọ́ ohun tí a bá sọ ti tó. Kí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù ṣófo, kí eékún ẹni tó jókòó lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí wáyà kankan má sì gba ilẹ̀ kọjá.

Bọ́ọ̀dù inṣi 75 kò jìnnà sí báàgì sìmẹ́ǹtì kan ní ìwúwo. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè gbé e pẹ̀lú ìṣó lásán, ti alámọ̀ àtijọ́ kò tiẹ̀ ṣeé gbìyànjú. Bí ògiri bá ń rún jábọ́ nígbà tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á, ìdúró tó dúró sílẹ̀ ni kí ẹ rà.

Níkẹyìn, ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù ni kó dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí iná sì tàn sí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ láti iwájú. Ẹni tó bá dúró níwájú bọ́ọ̀dù tó ń tàn, òjìji ni. Àwọn ọmọ tó ń ka ẹnu olùkọ́ kò ní rí ẹnu kankan kà.

Ìgbésẹ̀ 4: Iná

Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ iye wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 200, tí ẹ ń lò ó fún wákàtí 4 lóòjọ́, 800 wáàtì-wákàtí nìyẹn. Bátìrì olómi 12V, 200Ah, gba 2,400 (12 lọ́nà 200) lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ má lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,200. Ó tó, pẹ̀lú ohun tí inverter fúnra rẹ̀ máa jẹ. Ẹ fi stabilizer sí i, torí ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná dé lójijì, kì í wọlé pẹ̀lẹ́.

Kí iná tó lọ, kí ẹ̀kọ́ ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí bọ́ọ̀dù bá kú, tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kú, ìwé tí ẹ tẹ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ 5: Títo ojú bọ́ọ̀dù, àti ọ̀ràn àmì ohùn

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sójú bọ́ọ̀dù: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá lè fi ojú lásán mọ èyí tí a fi ń roko yàtọ̀ sí èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ọmọ tí ojú ń dùn kò ní í mọ̀ ọ́n láé. Àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù kì í dán an wò báyìí, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì lórí kó tún ní lábẹ́. Tiwa ní, àmì náà sì ni ìtumọ̀. Ìlànà àtijọ́ ni pé kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún mítà 3 kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ọmọ àti bọ́ọ̀dù. Fún Yorùbá alámì, mo máa ń fi ìdajì rẹ̀ kún un.

Irú lẹ́tà (font) náà ṣe kókó. Àwọn kan máa ń ju àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí fìlà tó ṣí lórí. Andika, tí SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ọ̀fẹ́ ni, àmì rẹ̀ sì ń jókòó sí ibi tó yẹ. Noto Sans náà dára. Orí láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí PDF kí nǹkan kan má bàa sún kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ya ojú-ìwé ní fọ́tò kí ẹ wá pè é ní PDF: àwòrán ni, TalkBack kò lè kà á, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọ̀: ìyẹ́lò lórí funfun kò dára, pupa lórí dúdú kò dára. Àwọn W3C, tó ń kọ ìlànà ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí ìyàtọ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Ẹ ò nílò ìṣirò. Ẹ ya bọ́ọ̀dù ní fọ́tò, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun lórí fóònù. Ohun tó bá pòórá níbẹ̀, ó ti pòórá lójú ọmọ kan. Ẹ má sì sọ pé “ẹ tẹ èyí tó pupa”, torí àwọn kan wà tí pupa àti àwọ̀ ewé jọ ara wọn lójú wọn. Ẹ sọ pé: “Ẹ tẹ èyí tó pupa, tó wà lápá òsì, tí wọ́n kọ A sí.”

Fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ wá Touch & hold delay nínú Accessibility (bí ìka ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó lójú bọ́ọ̀dù kó tó kà á sí títẹ̀mọ́lẹ̀), ẹ fi sí èyí tó gùn jù. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ibi tí ẹ ti lè pa fífi ìka púpọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa á nígbà tó bá kan ọmọ náà, kí àtẹ́lẹwọ́ tó bá sinmi sórí gíláàsì má ṣe da iṣẹ́ rú.

TalkBack ní tirẹ̀, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á kí ẹ tó tàn án. Mo tàn án níwájú kíláàsì nígbà kan láìkọ́ ọ, mo wá ń tẹ bọ́tìnì, kò ṣí, ó kàn ń pè é lórúkọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pè é. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé, bó bá ti wà lórí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ nǹkan kó lè kà á, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá kó tó ṣí i, ìka méjì lẹ sì fi ń fa ojú-ìwé sókè sódò. Lórí Windows, NVDA ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú wọn ń ka Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹ ká ohùn ara yín sílẹ̀, ẹ so ó mọ́ àwòrán.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ̀kọ́ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká mú ayé ẹ̀fọn. Àwòrán mẹ́rin wà lójú bọ́ọ̀dù: ẹyin, tanwíji, èyí tó ń múra láti di ẹ̀fọn, àti ẹ̀fọn fúnra rẹ̀.

Olùkọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á ní, “Ẹ wo èyí, ó wá di èyí.” Ọmọ tí kò ríran kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Èkejì láti apá òsì, tanwíji. Ó tín-ín-rín bí okùn. Ti ẹ̀fọn Culex doríkodò lábẹ́ ojú omi, ó fi ìrù mí. Ti Anopheles tó ń gbé ibà nà gbalaja, ó fara ti ojú omi.” Ẹ fún ọmọ tí kò ríran ní amọ̀ tàbí ẹ̀pà tí ẹ fi òwú so mọ́ páálí, ọ̀kan dorí kodò, ọ̀kan nà gbalaja, kó fi ọwọ́ wá ìyàtọ̀ wọn. Gíláàsì bọ́ọ̀dù ń yọ̀, ìka kò lè ka nǹkan kan lórí rẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé àwọn tó ríran náà máa ń tọrọ páálí yẹn lọ́wọ́ ẹnìkejì wọn.

Ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ẹ̀ẹ́wàá nínú ọkàn yín. Adití kò lè wo ògbufọ̀ kó tún wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà; bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ bí àwòrán ti ń yí, ó ní láti pàdánù ọ̀kan. Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò, ẹ tún sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí wọn bí ẹ ti ń kọ nǹkan.

Tí ẹ bá fẹ́ fi fídíò hàn, kí ọ̀rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó gbà á gbọ́. Live Transcribe ti Google lè máa kọ ohun tí ẹ ń sọ sórí fóònù bí ẹ ti ń sọ ọ́. Ẹ fi ohùn ara yín dán an wò lédè tí ẹ máa lò, torí kò gbọ́ gbogbo wa dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ti adití nìkan. Ọjọ́ tí òjò bá ń lu páànù Ìbàdàn, gbogbo kíláàsì ló di adití.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa àwòrán sí ipò rẹ̀. Kí ọmọ inú àga onítáyà fa tirẹ̀ nísàlẹ̀ sẹ́lótéèpù, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lo igi onífóòmù, kí ẹni tí ariwo ń dà láàmú ṣe tirẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì níbi tó jókòó sí. Ẹ pa gbogbo ohùn “bíp” àti ìràwọ̀ tó ń fò nígbà tí ọmọ bá gbà á. Pátéwọ́ wa tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò olùkọ́

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ẹ ká ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní fídíò. Nílé, ẹ kọ́kọ́ dijú, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́ “èyí”, “ìyẹn”, “ibí yìí” láìmọ ohun tí ó jẹ́, ẹ fa ìlà kan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wò ó. Ìgbà tí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹ fa ìlà mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tèmi, ìlà ogójì ó lé méjì ni mo fà nínú ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. “Èyí” ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà ọyẹ́, ẹ nu bọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, pàápàá etí rẹ̀ níbi tí infrared ń gbà jáde. Ẹ pa á ná, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nù ún. Ẹ má fọ́n omi sí i lára.